Obìnrin Tó Jẹ́ Bàbá Mi

Lọ́jọ́ Àìkú tí pásítọ̀ wa gun orí àga ìwàásù, tó kéde fún wa pé ìjọba ti fọwọ́ sí òfin tó de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, èmi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fò dìde. Ẹni tó bá mọ̀ mí nínú ìjọ yẹn á mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní ká dìde, èmi kì í gbẹ́yìn. Mo pàtẹ́wọ́, mo ju áńkáṣíìfù sókè, mo pariwo "Ògo!" títí ohùn mi fi há. Ìgbà tí mo ń jókòó padà, tí mo ń fi áńkáṣíìfù náà nu ọrùn, ni nǹkan sọ sí mi lọ́kàn pé, Tóyìn, ta ló fẹ́ ìyá rẹ sílé? Mo ká áńkáṣíìfù náà mọ́wọ́. Nítorí obìnrin ló fẹ́ ìyá mi. Obìnrin ló san owó orí rẹ̀, obìnrin ló gbé obì lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní Igbótakò, obìnrin náà ni wọ́n sì fa ìyá mi lé lọ́wọ́ níṣojú tẹbí tará. Òfin tí mo ń jó fún ti gba ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi kọjá, bàbá mi náà sì ni ìyá arúgbó kan tó ń wọ bùbá àti ìró. Arábìnrin tó jókòó tì mí rí i pé ojú mi yí padà, ó bi mí bóyá bàtà ló ń fún mi lẹ́sẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàtà ni.

Ilé wa wà ní Òde-Ayé, lójú ọ̀nà tí àwọn takisí ń gbà lọ sí Òkìtìpupa. Ìyá Àgbà, orúkọ tí gbogbo wa ń pe bàbá mi yìí, ló kọ́ ọ, owó epo pupa ló sì fi kọ́ ọ, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà já sẹ́yìnkùlé. Tí mo bá di ojú mi báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni ìró òkúta tí a fi ń pa ẹkùrọ́, kó, kó, kó, kí àwọn adìyẹ tó jáde rárá. Ìyá mi á ti dáná sábẹ́ àjà tí a ń yan púpurú lé, ìyẹn ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a rọ ní róbótó. Èéfín á gba gbogbo ilé, á wọ inú aṣọ ilé-ìwé mi, débi pé àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń mọ̀ pé mo ń bọ̀ kí wọ́n tó rí mi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ọ̀bẹ ha èèpo dúdú kúrò lára púpurú kí ìyá mi tó gún un, kó sì kù ú. Àwọn ọmọ tó kéré sí mi ní àdúgbò mọ̀ ọ́n ha, èmi nìkan ni n kò mọ̀ ọ́n. Tí mo bá ha á tán, ohun tó máa ń kù lọ́wọ́ mi kì í tó oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ìyá Àgbà á wo púpurú, á wo ojú mi, á ké sí ìyá mi pé, "Aya mi, wá wo ọmọ rẹ o! Ó ti ha oúnjẹ dànù, ó gbé èèpo wá fún wa." Ìyá mi á dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Ọmọ yín ni. Ẹ̀yin lẹ ní i." Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń tì mí síra wọn lójoojúmọ́. Ìgbà tí mo bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò nìkan ni àwọn méjèèjì máa ń jìjà dù mí.

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ìyá Àgbà ti lọ́kọ nígbà kan rí. Ọkọ náà kú láìjẹ́ pé ọmọ kankan wà láàrin wọn, kò sì wù ú láti tún fẹ́ ẹlòmíì. Láyé ìgbà náà, obìnrin tó bá wà nírú ipò yìí, tó lówó lọ́wọ́, tó sì nílé tó ń gbé, tí kò fẹ́ kí ilé náà pa run, lè gbé owó orí kalẹ̀ kó fẹ́ ìyàwó. Ìyàwó á wọlé, á bímọ, ọmọ á sì máa jẹ́ orúkọ ẹni tó san owó orí. Kò wọ́pọ̀ bíi kí ọkùnrin fẹ́yàwó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa dúró lójú ọ̀nà wò. Ìyá mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà wá fẹ́ òun, ó jókòó sáàárín àwọn àgbà ọkùnrin, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ bí ọkọ ìyàwó. Bàbá ìyá mi bi í bóyá ó máa lè tọ́jú ọmọ náà. Ó ní, "Ulé mi ni ulé ẹ̀. N ò ní jẹ ẹja kí n kó eegun fún un." Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ ẹja yẹn ló jẹ́ kí òun gbà, torí òun fẹ́ràn ẹja púpọ̀.

Ẹja náà ló sì bí mi, ká kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ará etí òkun ni ọkùnrin tó bí mi, ọmọ Ìlàjẹ tó máa ń kó ẹja gbígbẹ wá tà lọ́jà wa. Bùrọ̀dá Ẹlẹ́ja ni mo ń pè é. Ìyá mi ló yàn án, Ìyá Àgbà ló sì fọwọ́ sí i. Tó bá ti dé, á dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà, á fún mi ní súìtì, á fi ẹja sílẹ̀ fún wa, á sì máa bá tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyàwó tó fi òrùka fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́hùn-ún. Kò bèèrè mi, kò sì sẹ́ni tó bá a jà, torí ẹni tó san owó orí ló lọ́mọ. Èmi kò rí ohun tó ta kókó nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí ni imú rẹ̀ tó fẹ̀ bẹẹrẹ lójú mi, tí kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi.

Àwọn tí mo ti sọ ìtàn yìí fún máa ń ní ìbéèrè kan tí ojú máa ń tì wọ́n láti bi mí. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sùn, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí àwọn aṣòfin ní lọ́kàn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé tí ìyá mi bá lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Igbótakò tó sì sùn síbẹ̀, Ìyá Àgbà kì í fojú kan oorun. Á máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní eku ló ń da òun láàmú, bẹ́ẹ̀ ológbò wa ti pa gbogbo eku àdúgbò tán. Tí ìyá mi bá sì dé, á kọ́kọ́ fi ìbínú bi í pé ta ló ní kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ wo ni kí n fún ìyẹn? Mo ti ń wá orúkọ náà láti ọjọ́ tí mo ti pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti ń rò ó pé àwọn tí òfin náà ń bá wí gan-an náà lè ní ẹni tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. N kò rò bẹ́ẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Èmi kì í tètè ronú.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ ni ọdún tí bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé wa lórí, ohun tí gbogbo wa ń pè ní kọ̀nfáméṣọ̀n. Mo jẹ́ ọmọ kan tó mọ̀wé ìjọ ju bó ṣe yẹ lọ. Kátikíìsì ni wọ́n ń pè mí nílé. Mo máa ń da ìró funfun Ìyá Àgbà bora bíi aṣọ àlùfáà, màá máa wàásù fún àwọn ewúrẹ́ wa lẹ́yìnkùlé, èyí tó bá sì ronú pìwà dà nínú wọn, mo ń ṣe ìrìbọmi fún un. Òbúkọ kan wà nínú wọn tí mo ti ṣe ìrìbọmi fún títí, tó jẹ́ pé bó bá ti rí mi pẹ̀lú korobá omi, á fẹsẹ̀ fẹ. Nígbà tí wọ́n dá kíláàsì kọ̀nfáméṣọ̀n sílẹ̀, mo rò pé kí wọ́n kúkú fi mí ṣe olùkọ́ ni. Wọ́n fi mí sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, ẹni tó sì jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ni Ìyá Àgbà.

Ó ti dàgbà kó tó ṣe ìrìbọmi, kò sì tíì ṣe kọ̀nfáméṣọ̀n. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ Oúnjẹ Olúwa, àwa ọmọdé àti òun ni wọ́n jọ ń lé jáde. Á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú wa, á máa yanjú ìjà fún wa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jáde lẹ́yìn náà, wọ́n á máa nu ẹnu. Ó bà á nínú jẹ́. Ó sọ fún ìyá mi létí mi pé, "Mo fẹ́ jẹun nínú ulé Ọlọ́run kí n tó kú. Tí mo bá sì kú, mo fẹ́ kí agogo dún." Kò mọ̀wé kà. Èmi ni mo ń kọ́ ọ ní ìdáhùn katikísímù nídìí ẹkùrọ́: tó bá dáhùn ọ̀kan, á fọ́ ẹkùrọ́ kan. Tó bá ṣì í, mo máa ń gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì mi orí bíi olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọ ti sú. Ìyá mi á máa wò wá láti ìdí ààrò, á máa rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá Àgbà kò bínú sí mi rí. Ó máa ń ní, "Kátikíìsì, jọ̀ọ́, tún un sọ."

Àlùfáà tuntun ló ń kọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá láti ìhà Ọ̀yọ́, tó ní sùúrù, tí kò sì gbọ́ ju ìdajì nínú ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ. Àlùfáà àgbà tó wà ṣáájú rẹ̀ mọ gbogbo wa láti ilé, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Èyí tuntun ní òun fẹ́ mọ òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí ní ìjọ wa, lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù bá wá, òbí ló máa ń dúró lẹ́yìn ọmọ nígbà tí ọmọ bá kúnlẹ̀. Nígbà tó kàn mí, kí n tó lanu, Ìyá Àgbà ti nàró lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Èmi ni bàbá ẹ̀." Àlùfáà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé ìyá arúgbó ń ṣeré. Ìyá Àgbà wá ṣàlàyé fún un, láti orí owó orí títí dé orí ẹja, pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tó ń ròyìn ilé rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àlùfáà díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò mu omi tí ìyá mi gbé fún un. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bíṣọ́ọ̀bù kò lè gbọ́wọ́ lé obìnrin tó ní ìyàwó. Lójú ìjọ, ìgbéyàwó kọ́ lèyí."

Ìyá Àgbà ní, "Ó dáa. Tí kì í bá ṣe ìgbéyàwó, kí ló wá ń dí mi lọ́wọ́?"

"Ẹ gbọ́dọ̀ tú u ká, mà."

"Kí ni kí n tú ká? Ẹ̀yin lẹ ní kì í ṣe ìgbéyàwó."

Àlùfáà nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ tú u ká lọ́dọ̀ àwọn tó gbà pé ìgbéyàwó ni, ìyẹn kóòtù ìbílẹ̀, kí wọ́n sì mú ìwé ìtúká wá fún òun. Ó ní tí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn, òun kò ní kí ìyá mi kúrò nílé, wọ́n á kàn máa gbé pọ̀ bí ìyá àti ọmọ. Ó tiẹ̀ dábàá pé kí Bùrọ̀dá Ẹlẹ́ja wá gbé ìyá mi níyàwó nínú ìjọ. Ìyá mi sọ fún un pé ìjọ ti fi òrùka sí i lọ́wọ́ fún ẹlòmíì. Àlùfáà wá mu omi náà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dìde, ó lọ.

Ìyá Àgbà ronú sí i títí oúnjẹ fi tutù níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní àwọn máa lọ gba ìwé náà, ìwé lásán ni, kò sí ohun tó máa yí padà nínú ulé òun. Ìyá mi ṣáà ń fẹ́ iná tó ti ń jó dáadáa tẹ́lẹ̀. Ibí ni èmi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Mo máa ń gbọ́ ìròyìn kóòtù lórí rédíò, mo sì mọ̀ pé adájọ́ kì í tú ìgbéyàwó ká láìsí ẹ̀sùn. Mo sọ wọ́n di oníbàárà mi lọ́gán. Mo ní kí ìyá mi sọ pé ọkọ òun ń lù òun, kì í fún òun lówó oúnjẹ, kò sì sí ìfẹ́ mọ́ láàrin àwọn. Mo ní kí Ìyá Àgbà fèsì pé aláìgbọràn ni, kó sì fapá jánú. A fi eré náà dánra wò lẹ́yìnkùlé níwájú àwọn ewúrẹ́. Ìyá mi kò lè sọ "ó ń lù mí" láìbú sẹ́rìn-ín. Mo bá a wí, mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é lórí rédíò.

Inú gbọ̀ngàn kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn ni kóòtù náà wà. Ẹni tó jókòó lórí àga ààrẹ kóòtù, èèyàn wa ni, Bàbá Akọrin, tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin nínú ìjọ. Ó ka orúkọ wọn, ó gbé ojú sókè wo ìyá mi. "Dúpẹ́, kí ni ọkọ rẹ ṣe fún ọ?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo kọ́ ọ: "Ó ń lù mí..."

"Èmi?" Ìyá Àgbà ni. Ó ti gbàgbé pé eré ni. Ó nawọ́ méjèèjì síwájú, ọwọ́ tí epo ti wọ̀ títí kò lè mọ́ mọ́. "Ọghọ́ mi yìí, Dúpẹ́? Ọghọ́ mi yìí ló lù ọ́? Ìgbà wo?" Ìyá mi wò mí. Èmi lọ́yà, mo ń fi ẹnu ṣàpèjúwe fún un pé kó máa bá a lọ, owó oúnjẹ, owó oúnjẹ. Kò wò mí mọ́. Ó kúnlẹ̀ gbì sórí sìmẹ́ǹtì ìjọba níwájú Ìyá Àgbà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ kò lù mí rí. Ọmọ yín ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Gbogbo kóòtù yíjú sí mi. Mo rò pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ kò dá mi lóhùn. Bàbá Akọrin wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Kátikíìsì, ìwọ ni lọ́yà?" Ẹ̀rín gba kóòtù. Nígbà tó rọlẹ̀, ó bi Ìyá Àgbà pé ta ló wé gèlè fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní Dúpẹ́ ni. Ó bi ìyá mi pé tí wọ́n bá se ọbẹ̀, ta ló ń jẹ orí ẹja. Ìyá mi ní òun ni, pé láti ìgbà tí òun ti wọlé, òun ni. Ó wá bi ìyá mi pé ṣé ó fẹ́ kọ ọkọ rẹ̀. Ìyá mi ní, "Ohun tí ọkọ mi bá wí." Ó bi Ìyá Àgbà pé kí ló wí. Ìyá Àgbà fi etí ìró nu ojú.

Bàbá Akọrin gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Lọ́jọ́ Àìkú, abẹ́ Àlùfáà ni èmi àti yín jọ wà. Tó bá ní ká dìde, mo ń dìde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòní, àga ìjọba ni mo sì jókòó lé. Gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé Àlùfáà ní kì í ṣe ìgbéyàwó, ó tún ní kí n tú u ká. Èmi gbà pé ìgbéyàwó ni, n kò sì rí ìdí tí n ó fi tú u. Ẹ máa lọ ulé yín."

A wọ takisí padà. Nígbà tí a délé, ìyá mi se ọbẹ̀ marúgbó, ó sì gbé orí ẹja síwájú Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbé e padà sínú àwo ìyá mi. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé àfi kí n pè ọ́ lọ́tàá kí n tó lè jẹun nínú ulé Ọlọ́run, mo ti yó." Ó jẹun tán, ó ní kí n gbé ẹkùrọ́ wá, kí a máa bá ẹ̀kọ́ wa lọ. Mo ní ṣebí kò ní lè ṣe kọ̀nfáméṣọ̀n mọ́. Ó ní, "Ùwọ máa ṣe é. Èmi fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù dé, mo wọ aṣọ funfun àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, ìgbéraga mi sì ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mo mọ gbogbo ìdáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo tiẹ̀ ń ṣàánú àwọn tó kù. Mo kúnlẹ̀. Àlùfáà wo ẹ̀yìn mi, ó rí i pé kò sí òbí níbẹ̀, ó sì wo ìyá mi. Ìyá mi kò mira, ó wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ ìṣísẹ̀ kan tó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti orí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn, mo sì gbọ́ òórùn epo àti èéfín lẹ́yìn mi. Bíṣọ́ọ̀bù, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ tutù, bi mí kí ni ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ lórúkọ mi nígbà ìrìbọmi. Mo lanu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ fò lọ bí adìyẹ tí wọ́n lé. Èmi, Kátikíìsì, tó ti ṣe ìrìbọmi fún ewúrẹ́ àìmọye, kò rántí ẹ̀jẹ́ ìrìbọmi. Láti ẹ̀yìn mi, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ pátápátá, bí mo ṣe kọ́ ọ, kò ṣì í níbì kankan.

Inú bíṣọ́ọ̀bù dùn. Ó ní, "Màmá, ṣé wọ́n ti gbọ́wọ́ lé ẹ̀yin náà?" Ìyá Àgbà ní rárá. Bíṣọ́ọ̀bù ní kó kúnlẹ̀ tì mí. Ó kúnlẹ̀, eegun rẹ̀ sì dún. Mo rí ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù tó ń bọ̀ lórí gèlè rẹ̀, ọwọ́ tó yọ láti inú apá aṣọ funfun. Àlùfáà wá súnmọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ọwọ́ náà dúró lókè. Bíṣọ́ọ̀bù wo Ìyá Àgbà pẹ́, n kò lè sọ pé ojú rẹ̀ burú, ó jọ ti ẹni tí nǹkan ń dùn. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá Àgbà di èjìká mi mú, ó fi ti ara rẹ̀ dìde. Ó ní, "Kò burú, Bàbá. Ọmọ mi lẹ wá gbọ́wọ́ lé. Ẹ gbé e lé e dáadáa."

Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi. Mo jẹ Oúnjẹ Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi, mo sì ń fi ahọ́n ha á bí ẹni ń ha púpurú. Láti ojú fèrèsé, mo rí Ìyá Àgbà lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n jókòó yí i ká, ó na ìka sókè, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e lẹ́nu. Ó ń kọ́ wọn ní ẹ̀jẹ́ ìrìbọmi. Mo sunkún nídìí tábìlì Olúwa, àwọn àgbà sì rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi.

Nígbà tó kú, tí mo ti wà ní ilé-ìwé gíga, agogo kò dún. Bàbá Akọrin wá pẹ̀lú àwọn akọrin díẹ̀, láìwọ aṣọ ìjọ, wọ́n kọrin níwájú ilé níbi tí a sin ín sí. Ìyá mi wọ aṣọ dúdú, ó ṣe opó rẹ̀ pé, kò sì fẹ́ ẹlòmíì títí dòní.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo gbà lọ tààrà lọ́jọ́ Àìkú tí mo pàtẹ́wọ́ yẹn. Mo bá a lórí àpótí níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, tó ń ha púpurú. Mo sọ fún un pé ìjọba ti ṣòfin, pé obìnrin kò gbọdọ̀ fẹ́ obìnrin mọ́, pé ẹ̀wọ̀n ni. Ó ní, "Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?" Mo ní wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo ní bàtà ń fún mi lẹ́sẹ̀. Ó wo bàtà náà, ó wo ojú mi, kò bi mí sí i. Mo ní, "Màmá, kí lẹ máa wá ṣe báyìí?" Ó ní, "Ohun tí ọkọ mi bá wí."

Ó na ọ̀bẹ kan sí mi, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n máa bá òun ha á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo ha púpurú kan títí èèpo rẹ̀ fi tán. Ìyá mi gba ohun tó kù lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yíjú sí sàréè, ó gbé e sókè kí ẹni tó wà níbẹ̀ lè rí i dáadáa.

"Ọmọ yín ni o," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ní i."